Òtútù Ni Títì: Ilẹ̀, Ojú Ọjọ́ àti Ìrìn Àjò ní Àwọn Erékùṣù Svalbard

Iṣẹ́ tí àwọn tó pè mí rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí Svalbard, àwọn erékùṣù tó wà lápá òkè téńté ayé lábẹ́ ìjọba Nọ́wè: bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, bí ojú ọjọ́ rẹ̀ ṣe rí, àti bí ọmọ aráyé ṣe ń rìn níbẹ̀. Bí mẹ́ta lọ̀rọ̀ náà jọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé òtútù ni ọ̀tá arìnrìn-àjò, pé ibi tí yìnyín bá bò, ọ̀nà ti dí níbẹ̀, ọjọ́ tí ooru bá sì dé, ọ̀nà á là. Èmi wá sọ fún yín lónìí pé ní Svalbard, òtútù gan-an ni títì. Òun ni ìpìlẹ̀ tí ilé dúró lé, òun ni àká tí nǹkan ń pamọ́ sí. Bí ooru ṣe ń wọ ibẹ̀, ṣe ni ọ̀nà ń já mọ́ àwọn onílé lẹ́sẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Láti ìwọ̀n 74 dé ìwọ̀n 81 ní àríwá agbedeméjì ayé ni àwọn erékùṣù náà tẹ́ dé. Longyearbyen, tí í ṣe olú ìlú wọn, wà ní ìwọ̀n 78. Láti ibẹ̀ dé Tromsø ní etí àríwá Nọ́wè tó nǹkan bíi 950 kìlómítà, tí a bá sì kọjú sókè, nǹkan bíi 1,300 kìlómítà ló kù ká dé góńgó àríwá ayé. Ilẹ̀ náà lápapọ̀ tó 61,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ da ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó pọ̀, ẹ ó rí i pé bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀ kò ju bí 3,000 lọ. Spitsbergen ló tóbi jù láàárín àwọn erékùṣù náà, ó sì gbà ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ. Nordaustlandet ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Edgeøya àti Barentsøya, kó tó wá kan àwọn kéékèèké. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ yìí ló wà lábẹ́ òkìtì omi dídì, tí àwọn kan nínú wọn nípọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Òkè Newtontoppen, tó ga jù, tó 1,713 mítà. Igi kò sí níbẹ̀ rárá. Ewéko tó ga jù kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Ohun ìyanu àkọ́kọ́ ni pé àwọn erékùṣù wọ̀nyí kò tutù tó bó ṣe yẹ kí wọ́n tutù. Àwọn erékùṣù Kánádà tó wà ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú wọn máa ń wà nínú ìdè omi dídì fún ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í sábà rí wọn dé. Ti Svalbard yàtọ̀ nítorí ìṣàn omi kan tó ń ti òkun Àtìláńtíìkì gòkè wá, tó gba etí ìwọ̀ oòrùn Spitsbergen kọjá. Lójú tiwa níhìn-ín omi náà tutù, ṣùgbọ́n ní ibẹ̀ omi gbígbóná ni. Ní ìlà oòrùn, omi tó tutù nini ń ti àárín gbùngbùn òkun àríwá sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń gbé omi dídì wá pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí èyí, etí kan erékùṣù kan náà lè ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ nígbà tí etí kejì ṣì wà ní títì pa. Ẹ fi ìṣàn omi gbígbóná yìí sọ́kàn. Òun ló kọ́kọ́ sọ Svalbard di ibi tí èèyàn lè dé, òun náà ló sì wà nínú ohun tó ń dààmú rẹ̀ báyìí.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, oòrùn kì í wọ̀ ní Longyearbyen láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹrin títí di ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Kẹjọ. Láti ìparí oṣù Kẹwàá sì rèé, oòrùn kò ní yọjú mọ́ títí di àárín oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Kódà lẹ́yìn tó bá ti yọ, òkè ṣì ń dí i mọ́ ìlú lójú. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ni wọ́n ń retí kí ìtànṣán rẹ̀ kan àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́, tọmọdé tàgbà a sì péjọ síbẹ̀ ṣàjọ̀dún. Òjò àti yìnyín tó ń rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 200 mìlímítà lọ, iye tó fi jọ ti etí aṣálẹ̀. Nítorí náà, yìnyín kì í pọ̀ lójú ọ̀run ibẹ̀. Ó pọ̀ nílẹ̀ nítorí pé èyí tó ti rọ̀ kì í lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìrìn. Oríṣi arìnrìn-àjò méjì ni ìtàn Svalbard mọ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo yìnyín kò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ti ojú òkun wá. Ní 1596, Willem Barentsz, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, ń wá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà láti àríwá dé ilẹ̀ Ṣáínà nígbà tó já sí àwọn òkè ṣóńṣó wọ̀nyí. Omi dídì gbá ọkọ̀ rẹ̀ mú ní erékùṣù Novaya Zemlya lọ́dún kan náà, òun fúnra rẹ̀ kò sì padà dé ilé. Ó kú ní 1597. Láàárín ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn apàbùùbùtán láti Họ́lándì, Gẹ̀ẹ́sì, Denmark àti ibòmíràn ti kún ibẹ̀, wọ́n ń se ọ̀rá àbùùbùtán di epo ní etí òkun Smeerenburg. Wọ́n pa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n ń wá, nítorí bí omi bá dì mọ́ ọkọ̀ wọn, ó parí. Ní ìgbà òtútù 1633 sí 1634, ọkùnrin méje dúró síbẹ̀, wọ́n sì yè é. Ọkùnrin méje mìíràn dúró ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn àìrí ewébẹ̀ jẹ sì pa gbogbo wọn. Lójú irú àwọn wọ̀nyí, ọ̀tá ni òtútù, ta ló sì máa bá wọn jà sí i?

Ẹnì kejì ni ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀. Àwọn ọdẹ ará Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Pomor, àti àwọn ọdẹ ará Nọ́wè tó wá lẹ́yìn wọn, kò sá nígbà òtútù. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Irun kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a ti di funfun, a ti nípọn, òun náà ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì jùyẹn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá dì, odò di pẹrẹsẹ, àbàtà di líle, apá òkun tó gé òkè kan kúrò lára ìkejì di pápá. Ọdẹ lè so ajá mọ́ kẹ̀kẹ́ yìnyín rẹ̀ kó gba orí omi kọjá lọ sí ahéré rẹ̀ kejì. Ọjọ́ tí omi náà bá yọ́, ahéré náà di erékùṣù lójú rẹ̀.

Bó ṣe rí náà nìyí títí di òní, àyàfi pé alùpùpù orí yìnyín ló gba ipò ajá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀nà ọkọ̀ tó wà ní Longyearbyen àti àyíká rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 tàbí 50 kìlómítà lọ, ibi tó bá sì parí sí, ibẹ̀ ló parí sí. Kò sí títì kankan tó so ó mọ́ Barentsburg, ìlú awaèédú àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà ní nǹkan bí 55 kìlómítà síbẹ̀. Kò sí èyí tó lọ sí Ny-Ålesund, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ibùdó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lọ sí Pyramiden, ìlú awaèédú tí wọ́n pa tì ní 1998. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ á wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí hẹlikópítà, tàbí kó fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ tútù, kó sì dúró ní bèbè odò tí omi tó ń yọ́ láti orí òkìtì ti sọ di àgbàrá. Nígbà tó bá di oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ ti padà tí yìnyín sì ṣì wà, gbogbo ilẹ̀ náà a ṣí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìgbà ìrìn àjò tòótọ́ lójú onílé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí apá òkun tó dì. Afinimọ̀nà á dá alùpùpù rẹ̀ dúró ní etí bèbè, á yọ irin tó dà bí ìlu gígùn jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu omi dídì náà títí irin á fi kan omi tútù nísàlẹ̀. Á fi ọ̀pá ìwọ̀n wo bó ṣe nípọn tó. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lọ síwájú díẹ̀, á tún lù ú, nítorí ibi tí ìṣàn omi ti ń já kọjá lábẹ́ lè fẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Àwọn tó kù á tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n á jìnnà síra kí ìwúwo wọn má bàa pàdé lójú kan. Ìbọn wà léjìká nítorí béárì funfun, fóònù tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ wà nínú àpò. Gbogbo ètò yìí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: kí òtútù ti mú tó, kó sì ti pẹ́ tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yí. Láti ìgbà òtútù 2005 sí 2006, omi òkun Àtìláńtíìkì tó gbóná ti ń ya wọnú àwọn apá òkun ìwọ̀ oòrùn lọ́nà tí kò ṣe tẹ́lẹ̀. Isfjorden, apá òkun ńlá tí Longyearbyen wà létí rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dì bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó wọnú ilẹ̀ ṣì ń dì lọ́dún mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó dì, ó ń fẹ́lẹ́, ó sì ń tètè fọ́. Ẹni tó ń gba orí omi lọ sí Pyramiden ní tààrà nígbà kan ní láti yí gba orí òkìtì omi dídì báyìí, níbi tí kòtò jíjìn ti lúgọ sábẹ́ yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gómìnà ibẹ̀ náà ti fòfin dí alùpùpù lọ́wọ́ ní orí àwọn apá òkun kan nígbà ìrúwé, kí ìwọ̀nba omi dídì tó ṣẹ́kù lè jẹ́ ti àwọn ẹranko òkun tó ń bímọ sórí rẹ̀ àti ti béárì tó ń dọdẹ wọn. Ọ̀nà dín kù lọ́nà méjì: omi gba apá kan, òfin gba ìkejì, ooru kan náà ló sì fà á.

Òjò tún wà. Ní ìgbà òtútù, ibi tí yìnyín nìkan yẹ kó ti rọ̀ ni òjò ti ń rọ̀ báyìí. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, òjò ńlá rọ̀ ní àárín òkùnkùn, lẹ́yìn náà òtútù padà, gbogbo ilẹ̀ sì di gíláàsì. Àgbọ̀nrín kò lè fi pátákò fọ́ ọ kó tó kan koríko nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Alùpùpù náà kò rọ́wọ́ mú, ìdí rẹ̀ sì yẹ ká mọ̀: yìnyín rírọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń ta sókè bó ṣe ń sáré ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú. Lórí omi dídì gbalasa tí kò ní yìnyín, ẹ́ńjìnnì a gbóná kọjá ààlà, awakọ̀ á sì ní láti dúró lójú ọ̀nà títí tí á fi tutù. Kí n má sì tan yín: iye àgbọ̀nrín náà lápapọ̀ ti pọ̀ sí i ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn tó gùn sí i ń fún wọn ní koríko púpọ̀. Ooru ní ẹni tó ń ṣe lóore. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé títì òtútù ni kò ṣe lóore.

Bí a bá padà sínú ìlú, bákan náà ni. Ilẹ̀ Longyearbyen dì gbagidi lọ sísàlẹ̀ jíjìn. Ìwọ̀nba bíi mítà kan lókè ló ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ń padà dì. Àwọn tó kọ́ ìlú náà gún òpó igi wọnú ilẹ̀ dídì yẹn, wọ́n gbé ilé lé e lórí, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa gba abẹ́ ilé kọjá kí ooru yàrá má bàa yọ́ ìpìlẹ̀. Páìpù omi àti ti ìdọ̀tí gba orí ilẹ̀ kọjá lójú ìran, nítorí ẹni tó bá rì wọ́n mọ́lẹ̀ á bá wọn ní fífọ́. Òpó igi kì í jẹrà nínú ilẹ̀ tó dì. Ṣùgbọ́n bí apá tó ń yọ́ ṣe ń jìn sí i lọ́dọọdún, ọ̀rinrin ń dé ara igi tí kò kàn rí láti ìgbà tí wọ́n ti gún un, ó sì ń jẹrà. Àwọn ilé kan ti yẹ̀, wọ́n ti wó àwọn mìíràn, òpó irin tó wọ inú àpáta lọ ni wọ́n ń lò fún èyí tí wọ́n ń kọ́ báyìí. Ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń bà sí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1975, wà lórí ilẹ̀ dídì kan náà, wọn kò sì yé tún un ṣe bó ṣe ń wọlẹ̀ níhìn-ín tó ń wú lọ́hùn-ún. Láìsí i, wákàtí mẹ́ta láti Oslo á padà di ìrìn ọjọ́ púpọ̀ lórí omi. (Àròsọ kan tàn kálẹ̀ pé òfin Svalbard kò gbà kí èèyàn kú síbẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí wọn kì í ṣe ni sísin òkú sínú pósí, nítorí ilẹ̀ tó ń dì tó ń yọ́ máa ń ti pósí padà sókè; wọ́n lè sin eérú ẹni tí wọ́n bá fi iná sun.)

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2015, lẹ́yìn ìjì líle, yìnyín ya láti orí òkè Sukkertoppen bo ilé tó lé ní mẹ́wàá, ẹni méjì sì kú, ọmọdé ni ọ̀kan nínú wọn. N kò ní fi ìjàǹbá kan ṣoṣo rojọ́ mọ́ ooru lẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kó yìnyín náà jọ síbẹ̀, irú rẹ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ohun tó dájú ni pé ìlú náà ti wó àwọn ilé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ní báyìí, àwọn tó máa takò mí. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní: ṣé èyí kò ti ṣẹlẹ̀ rí? Ìbéèrè gidi ni. Láàárín 1920 sí 1940, Svalbard gbóná gan-an, ó tún wá tutù ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Èédú tí wọ́n ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé igbó ti wà níbẹ̀ rí, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ti fi hàn pé ilẹ̀ náà ti wà nítòsí agbedeméjì ayé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kó tó rìn lọ sí ibi tó wà. Mo gbà gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí igbó wà níbẹ̀, kò sí òpó ilé kankan nílẹ̀. Ní ti ìgbóná 1920 sókè, a ní àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 1898, kò sì tíì sí ìgbà kankan nínú rẹ̀ tó dé ibi tí a dé yìí. Láàárín 1961 sí 1990, agbedeméjì ìwọ̀n ìgbóná ọdún ní agbègbè Longyearbyen jẹ́ dígíríì 6.7 sísàlẹ̀ òdo. Láàárín 1991 sí 2020, ó ti gòkè dé 3.9 sísàlẹ̀ òdo. Ọgbọ̀n ọdún péré ló wà láàárín. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ọdún 1960 tutù jù láti fi ṣe ìwọ̀n, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó láti gbé ìyàtọ̀ náà nílẹ̀. Ní oṣù Keje 2020, ìwọ̀n ìgbóná ibẹ̀ dé 21.7, ohun tí a kò rí rí nínú àkọsílẹ̀. Ìdí tí ibẹ̀ fi ń gbóná ju ibòmíràn lọ kò fara sin: omi dídì funfun ń dá ìtànṣán oòrùn padà, omi òkun dúdú ń gbé e mì. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti dín kù, ìkejì a gbà sí i, omi tó gbóná yẹn kò sì ní jẹ́ kí omi dídì tuntun tètè wà.

Alátakò kejì ló ní ọgbọ́n jù, nítorí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ní: bí omi dídì ṣe ń lọ, ṣebí ọkọ̀ ojú omi ń rí ọ̀nà? Ọ̀nà kan kò wọjà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń rí ọ̀nà. Ọkọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń dé àwọn èbúté tí àwọn apàbùùbùtán kò lè dé rí, àkókò wọn sì ń gùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọ̀nà náà là fún. Ẹni tó ti ojú òkun wá ni, arọ́pò Barentsz, tó ń wo ilẹ̀ láti orí dẹ́ẹ̀kì tó sì ń lọ kí òtútù tó dé. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó fẹ́ lọ kí ará Barentsburg nínú oṣù Kẹta kò jèrè nínú èyí. Ìjọba Nọ́wè pàápàá kò gbà pé òkun tó ṣí sílẹ̀ túmọ̀ sí pé kí gbogbo èrò máa ya wọlé. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ọkọ̀ tó kó ju èrò 200 lọ kò gbọdọ̀ wọ àwọn agbègbè tí òfin dáàbò bò, ibi 43 péré sì ni àwọn ọkọ̀ tó kù lè sọ èrò kalẹ̀ sí nínú àwọn agbègbè náà. Ẹni tó bá rí béárì funfun gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní 300 mítà, tó bá sì jẹ́ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, 500 mítà. Láti 2022 ni wọ́n ti fòfin de epo ọkọ̀ tó nípọn dúdú ní gbogbo omi Svalbard, nítorí bí irú epo bẹ́ẹ̀ bá dà síbẹ̀, ta ni yóò kó o? Òkun là, ìjọba sì ń ti í.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan àwa. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì 1920, tó fìdí àṣẹ Nọ́wè múlẹ̀ lórí Svalbard, fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i ní ẹ̀tọ́ kan náà láti ṣiṣẹ́ àti òwò níbẹ̀. Nọ́wè kì í sì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Svalbard, bó ti wù kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ́. Àwọn ará Thailand àti Philippines pọ̀ ní Longyearbyen. Lórí ìwé, ilẹ̀kùn náà ṣí fún ọmọ Ìbàdàn. Àmọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ síbẹ̀ ń gba Nọ́wè kọjá, Nọ́wè sì ń béèrè físà lọ́wọ́ wa; ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, gómìnà lè lé e jáde. Ṣùgbọ́n ohun tiwa kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, kò sì nílò físà: ẹ̀wà ni.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì 2008, wọ́n ṣí àká irúgbìn àgbáyé kan tí wọ́n gbẹ́ wọnú òkè Platåberget lẹ́bàá Longyearbyen, ní ìwọ̀n tó ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ sínú àpáta. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó nǹkan síbẹ̀: nǹkan bí 7,000 àpẹẹrẹ irúgbìn láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní ọgbọ̀n, ẹ̀wà ló sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn, pẹ̀lú àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà roro. (Iṣu kò rọrùn láti bá wọn lọ, nítorí kì í ṣe kóró la fi ń gbìn ín.) Ẹni tó kó irúgbìn síbẹ̀ ló ni ín, ẹlòmíràn kò lè ṣí àpótí rẹ̀. Ní 2015, nígbà tí ogun Síríà ti lé àwọn onímọ̀ irúgbìn kúrò ní ibùdó wọn nítòsí Aleppo, wọ́n ránṣẹ́ kó tiwọn padà láti Svalbard, wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, wọ́n sì dá òmíràn padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ń yan ibi tí àká yìí máa wà, òtútù ni wọ́n gbójú lé. Àpáta ibẹ̀ tutù tó dígíríì 3 sí 4 sísàlẹ̀ òdo fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ á wá mú un tutù dé 18 sísàlẹ̀ òdo. Ìṣirò náà ni pé bí iná bá tilẹ̀ lọ, òkè náà á máa tutù lọ láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 2016, òjò rọ̀ níbi tó yẹ kí yìnyín ti rọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n tú nígbà tí wọ́n ń kọ́lé kò sì tíì padà dì bí wọ́n ṣe retí. Omi ya wọnú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ẹnu àká náà, ó sì dì síbẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ irúgbìn rárá. Àwọn ìwé ìròyìn kan tó kọ ọ́ bí ẹni pé ó dé ibẹ̀ ṣe àsọdùn. Síbẹ̀, wọ́n ní láti wó ẹnu ọ̀nà náà, kí wọ́n fi kọnkéré tí omi kò lè gbà kọjá tún un kọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2019.

Àtúnkọ́ yìí ni alátakò ìkẹyìn máa ń tọ́ka sí. Ó ní ṣebí ẹ rí i, ohun tí òtútù ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ lè ṣe é: òpó irin fún ilé, kọnkéré fún àká, ẹ̀rọ amúǹkantutù fún irúgbìn, ọkọ̀ ojú omi dípò alùpùpù. N kò jiyàn pé ẹ̀rọ kò lè ṣe é. Owó Nọ́wè tó bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ wọn sì tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí ló ń gbé ẹ̀rọ náà ró. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, èédú tí wọ́n wà nínú òkè tó yí ìlú ká ni Longyearbyen fi tan iná. John Munro Longyear, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, ló dá ìlú náà sílẹ̀ ní 1906 nítorí èédú náà, iléeṣẹ́ Nọ́wè sì rà á ní 1916. Ní oṣù Kẹwàá 2023, wọ́n pa ilé iná èédú náà, wọ́n bọ́ sórí epo dísù. Ní 2025, wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú Nọ́wè tó kù kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù èéfín èédú á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dísù kò sí nínú òkè kankan níbẹ̀. Iná tó ń mú ẹ̀wà Ìbàdàn tutù ní dígíríì 18 sísàlẹ̀ òdo ti wá di ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ gbé láti ọ̀nà jíjìn wá, lórí òkun tí ooru ti ṣí.